Èmi Ni Mo Ní Mo Fẹ́ Máa Lọ Sílé

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta
Òjò winniwinni láti àárọ̀. Òtútù kò le púpọ̀.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Mo gbàgbọ́ pé ẹ jí dáadáa, àti pé etí ọ̀tún tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi sílẹ̀ fún yín ṣì ń gbọ́ràn díẹ̀. Nítorí etí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé, níwọ̀n bí ẹ ti sọ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó máa ń já bọ́ lọ́nà bí a bá sọ ọ́ lórí fóònù. Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ.

Màmá ti sọ fún mi nípa ohun tí ó yọ sí yín ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn. Ó ní ọdún kejì rèé tí ẹ ti ń fi aṣọ bò ó. Bàbá, ìpákè ni. Kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe ohun tí bẹ́líìtì lè dá padà sí àyè rẹ̀. Mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, mo ti kúrò ní wọ́ọ̀dù ńlá. Yàrá kan ni mo wà báyìí tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀ láti jí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba ilé lọ. Ẹ rántí pé ìṣirò ni mo kọ́ ní pólì kí n tó di nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa rántí náà. Ó pè mí, ó ní: “Ìwọ tí o máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, wá sọ ìdí tí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní aago mẹ́wàá fi ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa di aago mẹ́rin.” Ó fún mi ní oṣù mẹ́ta.

Mo jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ìwé, mo ń kọ aago. Ẹ kò ní gbàgbọ́ ohun tí mo kọ́kọ́ rí. Bàtà ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì ni a ń kó bàtà wọn sí, ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí ń ti bẹ́ẹ̀dì kiri ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí òun bá sì ti lọ jẹun, ó parí. Obìnrin olùkọ́ kan jí, ó mu tíì, ó rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó láìwọ bàtà. Ní báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì olúkúlùkù ni bàtà rẹ̀ ń wà.

A tún ń fún wọn ní oògùn ìrora kí ìrora tó dé. A ń jẹ́ kí wọ́n mu omi títí yóò fi ku wákàtí méjì kí iṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀. Orí àga ni a sì ń gbé wọn jókòó sí, dípò kí wọ́n nà gbalaja. Àwọn tí a ń dá padà sílé lọ́jọ́ kan náà ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn díẹ̀.

Èmi ni,
Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta
Oòrùn mú. Ìyá rẹ ní òjò yóò rọ̀. Mo ní kò ní rọ̀. Kò rọ̀.

Akọ̀wé mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò sí ohun tí òun kò tíì mọ̀ níbẹ̀. Àlàáfíà ni a wà. Ṣùgbọ́n, ọmọ, o ń kọ̀wé sí mi bí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ṣe ń kọ̀wé sí oníbàárà. “Ara mi le. Iṣẹ́ ń lọ.” Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí baba ẹni nìyẹn?

Lẹ́yìn èyí, ta ni ó rán ìyá rẹ pé kí ó máa tú mi láṣìírí kiri? Òótọ́ ni, mo ní àlejò kan nísàlẹ̀ ìdodo. Bí mo bá dìde, a jáde. Bí mo bá dùbúlẹ̀, a wọlé. Ó mọ ìwà hù. N kò lé e, kò lé mi.

Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni pé o ń yangàn fún mi pé ẹ ń dá aláìsàn padà sílé lọ́jọ́ tí ẹ gbé abẹ sí i lára. Ṣé iṣẹ́ tí o sọdá òkun lọ ṣe nìyẹn, kí o máa lé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì? O ti gbàgbé ọ̀rẹ́ mi káfíńtà. Àárọ̀ ni wọ́n gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gbé e padà. “Ẹ máa gbé Bàbá lọ sílé,” bí nọ́ọ̀sì ṣe wí nìyẹn. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn, ó ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi sin ín. Láti ìgbà náà, bí a bá gbọ́ ní àdúgbò wa pé wọ́n dá ènìyàn padà wálé lọ́jọ́ tí ó lọ, a kì í béèrè nǹkan kan mọ́, fìlà ni a ń ṣí. Dókítà tí ó bá fẹ́ kí n yè yóò ní kí n sùn lọ́dọ̀ òun. Èyí tí ó bá ní kí n máa lọ ti rí òpin mi.

Nítorí náà, bí wọn yóò bá ṣe é, kí wọ́n dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí nọ́ọ̀sì méjì máa tọ́jú mi bí ẹyin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi àti àlejò mi yóò jọ gbó ni.

Bàbá rẹ,
Atẹ̀wé tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí kí ó tó lẹ àpòòwé. Má bá a jà. Ẹ̀rù ń bà á ni. Nǹkan náà ti tó ìkúùkù mi.


Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin
Afẹ́fẹ́ líle, oòrùn yọ ní ọ̀sán.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìbáwí nípa ìkíni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ kú ilé, ẹ kú àbójútó Màmá, ẹ kú ojú oòrùn. Ṣé iná ń wà déédéé? Ṣé òrùlé ẹ̀yìn kò jò mọ́?

Mo ti ronú púpọ̀ nípa káfíńtà. Mo pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì gbà kí n sọ èyí fún yín. Nígbà tí wọ́n ṣí inú rẹ̀, wọ́n rí i pé àìsàn náà ti tàn kálẹ̀, wọ́n sì rán an pọ̀ láìlè ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ títí ó fi di ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni tí ó ti yá àti ẹni tí kò ní yá. Èmi náà kò lè dárí ìyẹn jì wọ́n.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń ṣe níbí nìyẹn. Ẹni tí a bá tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì láìnídìí, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, àyà rẹ̀ a wúwo, oúnjẹ a kọ̀ ọ́. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ àfi tí ó bá lè rìn, tí ó ti tọ̀, tí ó mu nǹkan tí kò sì bì í, tí oògùn tí a fún un ká ìrora rẹ̀, tí àgbàlagbà kan sì wà tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, ó dúró nìyẹn.

Mo fi ìwé tí a ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ sínú lẹ́tà yìí. Mo ti yí i sí èdè wa fún yín. Ẹ kà á, kí ẹ rí i pé kò sí ìlé-ni-jáde nínú rẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ náà ti há mi sọ́wọ́. Bàtà ti wà nílẹ̀, oògùn ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn mi ń ṣetán ní aago kan, wọn kì í lọ títí aago mẹ́rin. Bí mo bá béèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè, wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan.” N kò mọ bí a ṣe ń kọ “kò sí nǹkan” sínú ìṣirò.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún
Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún. Òrùlé ẹ̀yìn jò.

Akọ̀wé mi,

Ìkíni rẹ ti sàn díẹ̀. Ìwé ilé ìwòsàn yín ni kò sàn.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé. Mo ti to ìwé ìdánwò, mo ti to ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, mo ti to ìkéde òkú. N kò tíì rí ìwé tí ó ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ń kà á bí èyí. Mo ti fi bírò pupa ṣe é bí a ṣe ń ṣe ìwé tí kò tíì wọ ẹ̀rọ, mo sì dá a padà fún ọ.

“Má ṣe gbé ohun tí ó wúwo.” Kí ni ó wúwo? Ṣé korobá omi ni, àbí ọmọ ọdún méjì, àbí ìkòkò tí ó ṣófo? Ọjọ́ mélòó sì ni? “Kàn sí wa bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n jù bí ó ti yẹ.” Ta ni ó mọ bí ó ti yẹ? Ta ni yóò gbé fóònù, ṣé kò sì ní jágbe mọ́ mi? Ìwúkọ́ ńkọ́? Kò sí ìwúkọ́ níbì kankan nínú ìwé yín, bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí arúgbó yóò rò ni pé bí òun bá wúkọ́, okùn tí wọ́n fi rán òun yóò já. Ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, bí ó bá le? Ojú ti ẹni tí ó kọ ọ́, ó fò ó. Ìbéèrè mi jẹ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n wà létí ìwé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù kò sí nínú ìwé náà rárá. O ní ẹ ń fún wọn “nígbà tí wọ́n bá ń lọ.” Ọmọ, ta ni yóò ka ìwé nígbà tí oògùn oorun ṣì ń yí i lójú? Ní ilé ìtẹ̀wé, a kì í wá àṣìṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà jáde. Ẹ fún wọn láàárọ̀, nígbà tí ojú wọn ṣì mọ́.

“Kò sí nǹkan” tí wọ́n ń wí fún ọ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ni. Wọ́n di ìwé tí kò yé wọn mú, ojú ń tì wọ́n láti béèrè, wọ́n sì ń rò pé bí àwọn bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹnìkan yóò wá ṣàlàyé. Mo mọ̀ nítorí pé bí èmi náà yóò ti ṣe nìyẹn, bí mo bá lọ. N kò sì ní lọ.

Bàbá rẹ.

Èmi tún ni. Lọ́sàn-án Sátidé, àlejò náà jáde, kò wọlé mọ́ fún odindi wákàtí kan. Ó dùbúlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tì í, òógùn bò ó. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ. Mo ti sọ. Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún
N kò wo ojú ọjọ́.

Bàbá mi,

Mo ti pe Màmá. Ó ní ẹ wà dáadáa, pé ìwé ìròyìn ni ẹ ń kà. N kò ní kí yín gígùn lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá tún jáde tí kò wọlé mọ́, bí ó bá le gbagidi, bí ó bá ń ro yín, tàbí tí ẹ bá ń bì, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ẹ má dúró dè mí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíákíá. Bí ìfun bá há síbẹ̀, wákàtí ni a ń kà fún un, a kì í ka ọjọ́. Ẹni tí ó lọ ṣe é ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ tí yóò fi rìn bọ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lọ pẹ̀lú ìfun tí ó ti há, ní ọjọ́ orí yín, Bàbá, mo ti tọ́jú irú wọn. N kò ní kọ ohun tí mo rí síbí.

Ìwé pupa yín dé. Mo fi han ọ̀gá nọ́ọ̀sì, mo ń túmọ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún un. Ó ní, “Ta nìyí?” Mo ní àgbà atẹ̀wé kan ni. Ó ní, “Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn rí?” Mo ní, “Ó ń sá fún un ni, ọ̀gá.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. A tún ìwé náà kọ láti òkè dé ilẹ̀, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè wa sínú lẹ́tà yìí. Àárọ̀ ni a ń fún wọn báyìí kí wọ́n tó bọ́ aṣọ, a sì ń bi wọ́n ní ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wá fún ìpákè. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé e wọlé. Nígbà tí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú, ó ti ń so okùn bàtà. Mo ní kí ó rọra. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ìwé yín ti sọ bí mo ṣe máa wúkọ́ fún mi. Kí ni mo tún jókòó ń ṣe?”

Ìwúkọ́ yín nìyẹn, Bàbá. Tẹ́lẹ̀, wákàtí mẹ́rin àti ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní báyìí, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ń tètè lọ sílé nítorí yín. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà
Oòrùn. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò wú mi lórí.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, lẹ́tà kò dé. Mo pe Màmá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Bàbá rẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan, pé òun yóò kọ ọ́.” Mo ní, ṣé ara yín yá? Ó ní, “Ṣé o kò gbọ́ ni? Mo ní ó ní n kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan.” N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni ó ń rín tàbí ó ń sunkún, fóònù náà ń kùn.

Bí ó bá jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi nínú lẹ́tà tí ó kọjá, ẹ bá mi wí, kí n gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní ìwé kíkọ, ẹ kò kọ́ mi ní bí a ṣe ń dúró de ìwé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje
Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá. Òrùlé ẹ̀yìn kò jò. Èmi ni mo dúró ti ẹni tí ó tún un ṣe.

Akọ̀wé mi àtàtà,

Ìwé kékeré rẹ tí ó kún fún ẹ̀dùn dé lánàá. Má bínú. N kò fẹ́ kọ̀wé títí dókítà yóò fi yẹ ojú ọgbẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí n kì í fi iṣẹ́ tí a kò tíì parí ránṣẹ́. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ó jinná bí ẹni pé ọ̀dọ́ ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ. Àlejò ti lọ.

Ìbéèrè rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. “Ẹ̀yin ńkọ́?” Mo ka ìwé tuntun yín tí o fi ránṣẹ́, mo wá àṣìṣe sí i fún ọjọ́ mẹ́rin, n kò rí. Ó wá ku àwáwí kí ni?

Mo lọ rí dókítà. Ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò gbà hù. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń dá ènìyàn dúró fún ìpákè. Mo ní, “Ní ọjọ́ kejì, kí ni ẹ óò ṣe fún mi tí ìyàwó mi kò lè ṣe?”

Ó ronú. Ó ní, “A óò máa wò yín, Bàbá.”

Mo ní, “Ṣebí ẹ ti ń wò mí báyìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í nípa omi mímu, mo bi í nípa oògùn ìrora, ó ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé mi bá pé ní ọ̀sán, òun yóò jẹ́ kí n máa lọ sílé ní ọ̀sán náà bí mo ṣe fẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù tí ó kọjá ni mo lọ, pẹ̀lú ìyá rẹ. Ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí n má bàa mọ ìrora, n kò sùn, mo ń gbọ́ bí irin wọn ṣe ń dún nínú àwo. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé mi fún nọ́ọ̀sì àgbà kan tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Má-Mira, nítorí pé kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, ẹ má mira!” Mo mira. Mo jókòó. Ojú mi yí díẹ̀, mo dúró kí ó kọjá gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Mo ní kí ó na ọwọ́ sí mi.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“Rárá o. Mo fẹ́ tọ̀ ni.”

“N óò gbé abọ́ wá.”

“Ìyá, láti ìgbà tí ìyá mi ti já mi lẹ́nu ọmú, n kò tọ̀ sínú abọ́ mọ́. Ẹ fà mí dìde.”

Ó fà mí dìde, ó ń ráhùn, ìyá rẹ di apá kejì mú. N kò rò pé ọjọ́ kan yóò dé tí n óò kọ irú èyí sí ọmọ mi obìnrin, ṣùgbọ́n mo tọ̀ bí ọ̀dọ́kùnrin. Má-Mira fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo mu tíì, kò bì mí. Mo fi bírò pupa ń sàmì sí ìwé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Dókítà dé, ó gba ìwé náà, ó kà á tán. Ó ní, “Ta ni ó kọ èyí?” Mo ní, “Ọmọ mi ni ó kọ ọ́, èmi ni mo tún un ṣe.” Ó fọwọ́ kan ojú ibẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ mi ríru. Ó wá ní, “Ẹ máa lọ sílé, Bàbá.”

Ọ̀rọ̀ káfíńtà gan-an. N kò ní parọ́ fún ọ, mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá bàtà. Mo ní, “Dókítà, ṣé nítorí pé ara mi yá ni, àbí ẹ ti jọ̀wọ́ mi?”

Ọmọdé náà jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ká ní mo ti jọ̀wọ́ yín, n kò ní lè wò yín lójú báyìí.” Ó wò mí lójú, ó pẹ́. Mo wá bọ ẹsẹ̀ sínú bàtà.

Bí ọkọ̀ wa ṣe dé ojúlé, àdúgbò ti pé. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń gbé mi bọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ. Opó káfíńtà wà níwájú, ó fi ìborùn bo orí. Télọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ wa ti ṣí fìlà. Ẹnìkan lẹ́yìn ti fi igbe ẹkún ta. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi, mo ní, “Ta ni ó kú?”

Ẹkún náà dákẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n yọ iná rẹ̀.

Télọ̀ ní, “Bàbá Atẹ̀wé, wọn ò… ṣé wọn ò lé yín jáde ni?”

“Wọn kò lé mi. Èmi ni mo ní mo fẹ́ máa lọ sílé. Dé fìlà rẹ, òtútù á mú ọ.”

Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlógún ni láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá rẹ ń kà á sókè bí ẹni ń ka ìbò. Bí mo ṣe dé ìloro, opó káfíńtà sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan apá mi, ó tún fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún un pé wọ́n wò mí lójú. Ó mi orí. Ó ṣí ìborùn náà kúrò, ó wọlé, ó bá ìyá rẹ gbé omi kaná.

Ní ọjọ́ kẹta, télọ̀ wá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó ní òun náà ní àlejò láti ọdún mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹni tí ń tún wáyà iná ṣe wá. Lẹ́yìn náà ni bàbá onílé tí ó wà níkorítá. Ṣé o rí àdúgbò tí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ń gba àlejò, tí wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan! Mo ti da ìwé náà kọ fún wọn. Má-Mira sì ti wá gba ẹ̀dà mẹ́wàá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ ní nígbà tí o pe òun kẹ́yìn, o dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, o sì ń mí bí ẹni tí ó di nǹkan mú mọ́ ìhà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe fóònù nìkan ni ó ń kùn. Mo ti sọ tèmi fún ọ, títí kan èyí tí kò yẹ kí baba sọ. Sọ tìrẹ.

Bàbá rẹ tí ń rìn.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje, ọjọ́ Ẹtì
Kùrukùru láàárọ̀, ó ká nígbà tí ó di aago mẹ́wàá.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìgboyà. Yàrá tí a ti ń wọ aṣọ iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi “Ta ni ó kú?” mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí alábàáṣiṣẹ́ mi kan fi sáré wọlé wá wò mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ẹ̀rín mú òun náà jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo wá dé ibi tí dókítà ti wò yín lójú, n kò lè túmọ̀ ìyẹn. Mo ní kí ó dúró díẹ̀. Ó dúró.

Oṣù mẹ́ta ọ̀gá nọ́ọ̀sì ti pé, ó sì ti kọjá. Igba ènìyàn ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n gba yàrá wa kọjá. Àwọn mẹ́rin péré ni ó ní láti sùn lọ́dọ̀ wa, ìdí sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà lọ. Ó ti pàṣẹ kí gbogbo yàrá bíi tiwa máa fúnni ní ìwé náà láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sọ fún wọn pé baba mi ni ó bi ìbéèrè ìwúkọ́. Mo sọ ọ́ sókè.

Màmá gbọ́ dáadáa. Òkúta wà nínú òróòro mi. Ó ti pé ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ kò pọ̀. Kì í ṣe abẹ ni mo ń bẹ̀rù. Mo ń rí àwọn ènìyàn lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ogún ọdún pa mọ́ a bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, wọn kò sì ní mọ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rù kí àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá kan tèmi, kí ẹnu mi máa sọ ohun tí n kò rán an. Èmi tí mo ń bi gbogbo ènìyàn ní ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù, kò sí ẹni tí ó bi mí, títí ẹ̀yin fi bi mí.

Yàrá wa ni àwọn tí wọ́n bá ṣe é fún ti ń jí. Bí ó bá lọ bí ó ti yẹ, ọ̀sán ọjọ́ náà ni n óò wà nílé. Ó gbọdọ̀ ní àgbàlagbà tí yóò wà pẹ̀lú mi. Mo ti pinnu pé alábàáṣiṣẹ́ mi tí ó dúró yẹn ni n óò bẹ̀. N kò tíì sọ fún un. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo ti kọ ọjọ́ orí mi àti iṣẹ́ mi sí i, mo ti fọwọ́ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́, n óò fà á lé ọ̀gá nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Ọmọ yín.